Ta Ló Máa San Gbèsè Ìjọba? Ọ̀rọ̀ Paul Ryan, Aṣòfin Amẹ́ríkà, lórí Iṣẹ́, Gbèsè àti Ìnáwó

 

Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ló tètè ń pa òwò: kéèyàn jẹ ojú owó, kéèyàn yá owó èlé láìmọ ibi tó ti máa rí i san, àti kéèyàn máa tà láwìn fún ẹni tí kò ní san. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò ní pẹ́ tí á fi kó ìsọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn òṣèlú mọ̀ pé a mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń sọ fún wa pé ìjọba náà dà bí ìyá tó ń tajà, pé kò gbọ́dọ̀ ná ju ohun tó ń wọlé fún un lọ.

Ṣé òótọ́ ni? Ó ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́, ó sì ní ibi tí kò dé. Kí ó lè yé wa yékéyéké, a mú ọkùnrin kan wá, tó fi ogún ọdún sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, títí wọ́n fi gbé kọ́kọ́rọ́ ilé náà lé e lọ́wọ́. Paul Ryan ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó sọ, ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ta kò ó, ká sì wo ohun tó ṣe nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀.

TA NI PAUL RYAN?

Ìlú Janesville, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni wọ́n bí i sí ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ló wà. Ọmọ ọdún 28 péré ni nígbà tó wọlé ìbò ní 1998. Oṣù Kìíní 1999 ló jókòó sí ilé aṣojú-ṣòfin, oṣù Kìíní 2019 ló sì kúrò níbẹ̀.

Irú èèyàn tí wọ́n ń pè ní kọnsafétífù ni. Àwọn wọ̀nyí gbà pé kí ìjọba má tóbi jù, kí owó orí má pọ̀, kí òfin má dí oníṣòwò lọ́wọ́, kí oníkálùkù sì máa fi òógùn ara rẹ̀ jẹun.

Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tó kan ẹ̀yin opó àti ẹ̀yin tó ń dá tọ́mọ. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, kú ní 1986, nígbà tí Paul wà ní ọmọ ọdún 16. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Social Security. Òṣìṣẹ́ máa ń dá owó sí i láti inú owó oṣù rẹ̀. Tó bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á máa san án fún un. Tó bá sì kú, wọ́n á máa fún àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi tójúú bọ́. Paul jẹ nínú owó yìí títí ó fi pé ọdún 18, ó sì fi í pamọ́ láti fi lọ sí yunifásítì. Ìyá rẹ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀, lẹ́yìn náà ó dá òwò kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Ryan fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn ìyá rẹ̀ yìí fún gbogbo ayé ní 2012.

OHUN TÓ SỌ NÍPA IṢẸ́

Ryan ní ìjọba kì í dá iṣẹ́ tó tọ́jọ́ sílẹ̀. Ó ní oníṣòwò ló ń gba èèyàn síṣẹ́. Tí ìjọba bá dín owó orí kù, tó sì dín òfin àti fọ́ọ̀mù kù, owó á ṣẹ́ kù lọ́wọ́ oníṣòwò, á fi ra ẹ̀rọ, á fi gba ọmọọṣẹ́ kún ọmọọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàì dùn létí ọlọ́jà. Ẹni tó bá ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, tó tún san òmíràn lọ́sàn-án, tí àwọn kan tún dé pẹ̀lú ìwé nírọ̀lẹ́, ṣé ó tún fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún òun?

Àmọ́ ìlú Ryan fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ General Motors wà ní Janesville, tí wọ́n ti ń to mọ́tò Chevrolet láti 1923. Bàbá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọọmọ náà ṣe é. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú rú ní 2008, ọjà mọ́tò kú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún náà, tí Kérésì ku ọjọ́ méjì, wọ́n dáwọ́ mọ́tò ńláńlá tí wọ́n ń tò níbẹ̀ dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló pàdánù iṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ náà àti láwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń ta ohun èlò fún un. Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ọjọ́ tí géètì bá tì, ìkòkò ọbẹ̀ yín náà tì nìyẹn.

Kí ni Ryan ṣe? Ní oṣù Kẹwàá 2008, ó dìbò pé kí ìjọba ya 700 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti gba àwọn báǹkì là. Ní oṣù Kejìlá, ó tún dìbò pé kí ìjọba yá àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Nígbà tí Ààrẹ Obama wá gbé ètò 787 bílíọ̀nù dọ́là dé ní 2009 láti fi ta ọrọ̀ ajé jí, Ryan kọ̀ ọ́, gbogbo aṣojú Republican sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní owó tí a yá ni, kò lè mú iṣẹ́ gidi wá. Ilé iṣẹ́ Janesville kò ṣí mọ́ títí dòní.

OHUN TÓ SỌ NÍPA GBÈSÈ

Orí ọ̀rọ̀ gbèsè ni orúkọ Ryan ti là jù. Ká tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń kà. Bílíọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan ló ń jẹ́ tírílíọ̀nù kan. Téèyàn bá ń ka dọ́là kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, á lé ní ọdún 31,000 kó tó ka tírílíọ̀nù kan tán.

Nígbà tí Ryan wọ ilé aṣòfin ní 1999, gbèsè ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 5.6 dọ́là. Nígbà tó di alága ìgbìmọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì ní 2011, ó ti di nǹkan bíi 14. Ryan ní nǹkan méjì ló ń ba òun lẹ́rù. Èkíní, èlé. Bí gbèsè bá ń pọ̀, èlé á máa jẹ owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣe nǹkan gidi, ọjọ́ kan á sì jọ́kan tí àwọn tó ń yáni lówó á ní àwọn ò yáni mọ́, àfi lówó sọ́gúndógójì. Èkejì, àwọn ọmọ. Ó ní à ń jẹ oúnjẹ òní, a sì ń kọ orúkọ ọmọ tí a kò tíì bí sínú ìwé àwìn. Àwọn àgbà wa sọ irú rẹ̀: ẹni tó yá ogún tí kò san, ó bẹ́gi dí ọgbọ̀n.

Òfin Amẹ́ríkà fi ààlà sí iye gbèsè tí ìjọba lè jẹ. Tí ó bá ti kan ààlà, àfi kí aṣòfin sún un síwájú. Ní 2011, ẹgbẹ́ Ryan ní àwọn ò ní sún un, àfi tí wọ́n bá dín ìnáwó kù. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó fẹnu kò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ Standard & Poor's, tó máa ń ṣàyẹ̀wò bóyá onígbèsè ṣeé fọkàn tán, gba ipò kìíní lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: kì í ṣe gbèsè nìkan ló ń ba orúkọ èèyàn jẹ́. Téèyàn bá ń fọ́nnu kiri ọjà pé òun lè má san, olówó á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

OHUN TÓ SỌ NÍPA ÌNÁWÓ ÌJỌBA

Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ná, nǹkan márùn-ún ló ń bá a lọ: owó Social Security tí a ti sọ, ìwòsàn àwọn tó ti pé ọdún 65 tí wọ́n ń pè ní Medicare, ìwòsàn àwọn aláìní tí wọ́n ń pè ní Medicaid, ológun, àti èlé orí gbèsè. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín ìnáwó kù gidi, tí kò dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ryan dárúkọ. Ìyẹn la fi gbọ́dọ̀ yìn ín.

Ní oṣù Kẹrin 2011, ó gbé ètò kan jáde tó ní á dín ìnáwó kù ní nǹkan bíi tírílíọ̀nù 5.8 láàárín ọdún mẹ́wàá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

– Ẹni tó bá ti pé ọdún 55, kò ní sí àyípadà fún un. Àmọ́ fún àwọn tó kéré sí wọn, láti 2022, ìjọba á fún àgbàlagbà ní iye kan kí ó lọ fi ra ìdójútòfò ìwòsàn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, dípò kí ìjọba máa san owó ilé ìwòsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

– Owó ìwòsàn àwọn aláìní àti owó oúnjẹ wọn, kí ìjọba àpapọ̀ gé iye kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá tán, ó tán.

– Kí owó orí àwọn tó ń gbowó jù àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sọ̀ kalẹ̀ láti 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí 25.

Ilé aṣojú gbà á, ilé aṣòfin àgbà dà á nù. Ryan ní ìrànwọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ dà bí àwọ̀n tó ń gba ẹni tó ṣubú, kò gbọ́dọ̀ di ibùsùn tí ẹni tó lágbára máa sùn sí. Ó tún ní tí wọn ò bá tún Medicare ṣe, owó rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan, ìgbà yẹn ni ìyà gan-an á wá jẹ àgbàlagbà.

OHUN TÍ ÀWỌN ALÁTAKÒ RẸ̀ SỌ

Àkọ́kọ́, wọ́n ní owó ìwòsàn ń gbówó lórí lójoojúmọ́, iye tí Ryan fẹ́ máa fún àgbàlagbà kò ní bá a dọ́gba. Ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin ṣírò owó, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan, náà sọ pé àgbàlagbà á máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ látinú àpò ara rẹ̀. Gbèsè ìjọba á dín, gbèsè ìyá àgbà á pọ̀.

Ìkejì, wọ́n ní kò bójú mu kí a bu nínú abọ́ tálákà, ká sì dín owó orí olówó kù. Ryan ní òun á dí àwọn ihò tí àwọn olówó ń gbà sá fún owó orí, ṣùgbọ́n ètò náà kò dárúkọ ihò tó fẹ́ dí. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Ryan, ṣùgbọ́n ní 2012 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà pé gígé owó oúnjẹ aláìní kò tọ̀nà. Àwọn sísítà ìjọ náà kan wọ bọ́ọ̀sì káàkiri ìpínlẹ̀ láti sọ ohun kan náà.

Ìkẹta, wọ́n ní ìgbà tí ọjà bá dá kọ́ ni ìjọba ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Èyí yé wa dáadáa. Owó oṣù tí ìjọba san fún tíṣà àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ra gàrí, epo àti aṣọ lọ́wọ́ wa. Oṣù tí kò bá sí owó oṣù, ìsọ̀ wa ló kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ìkẹrin, wọ́n rán an létí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Láti 1998 títí di 2001, owó tó ń wọlé fún ìjọba Amẹ́ríkà ju èyí tó ń ná lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín owó orí kù ní 2001 àti 2003, wọ́n ja ogun Afghanistan àti Iraq, wọ́n sì fi owó oògùn kún Medicare ní 2003. Ryan dìbò fún ìdínkù owó orí méjèèjì, fún ogun Iraq àti fún owó oògùn náà. Gbèsè ni wọ́n fi ṣe é.

NÍGBÀ TÍ AGBÁRA DÉ ỌWỌ́ RẸ̀

Ní 2012, Mitt Romney mú Ryan ṣe igbákejì láti du ipò ààrẹ. Wọ́n fìdí rẹmi. Ní oṣù Kẹwàá 2013, àwọn aṣòfin ṣe àríyànjiyàn lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì débi pé ọ́fíìsì ìjọba tì fún ọjọ́ 16. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ryan jókòó ti obìnrin kan tó jẹ́ aṣòfin àgbà ní ẹgbẹ́ Democrat, Patty Murray, wọ́n fún ara wọn láàyè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò ní oṣù Kejìlá. Èyí fi hàn pé ó lè bá ọ̀tá ṣe àdéhùn tó bá fẹ́.

Ní 2015, ó di olórí ilé aṣojú-ṣòfin. Nígbà tó fi máa di 2017, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ni ilé méjèèjì, òun ló sì ni ààrẹ. Ẹni tó ti ń pariwo gbèsè láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti dórí àga. Ṣùgbọ́n Ààrẹ Trump ti sọ nígbà ìpolongo pé òun ò ní fọwọ́ kan Social Security àti Medicare. Èyí tó rọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n ṣe òfin tó mú owó orí ilé iṣẹ́ ńlá wálẹ̀ láti 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí 21. Ní oṣù Kejì 2018, wọ́n tún fi nǹkan bíi 300 bílíọ̀nù dọ́là kún ìnáwó fún ọdún méjì.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ní 2015, ohun tí ìjọba fi ná ju owó tó wọlé lọ jẹ́ nǹkan bíi 442 bílíọ̀nù dọ́là. Ní 2018, ó di 779 bílíọ̀nù. Ọ́fíìsì tó ń ṣírò owó ní òfin owó orí náà á fi nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.9 kún gbèsè títí di 2028. Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, àwọn tó ń wá iṣẹ́ kò tó mẹ́rin ní 2018. Ṣùgbọ́n iye náà ti ń wálẹ̀ bọ̀ láti ìparí 2009, nígbà tó jẹ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ tí Ryan kúrò, gbèsè tó bá ní 5.6 ti di nǹkan bíi 22.

A ò sọ pé òun nìkan ló jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló jẹ ẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹni tó ń dín ìnáwó kù lẹ́nu, tó sì ń dín owó tó ń wọlé kù lọ́wọ́, gbèsè náà ló máa bí.

IBI TÍ ÌJỌBA ÀTI ÌSỌ̀ ỌJÀ TI YÀTỌ̀

Ìyá ọlọ́jà kan kò lè pàṣẹ fún oníbàárà pé kó san sí i. Ìjọba lè fi owó orí kún owó orí. Ìyá ọlọ́jà á darúgbó, á fẹ́ san gbèsè tán kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjọba kì í fẹ̀yìn tì. Pabanbarì rẹ̀ ni pé dọ́là ni Amẹ́ríkà fi ń jẹ gbèsè, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tẹ dọ́là. Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá yá dọ́là, dọ́là la máa wá san, yálà náírà lágbára tàbí kò lágbára.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé ọ̀rọ̀ Ryan jẹ́ òfìfo. Ní 2024, gbèsè Amẹ́ríkà kọjá tírílíọ̀nù 36, owó tí wọ́n sì fi san èlé lọ́dún náà ju èyí tí wọ́n ná sórí ológun lọ. Ohun tó bà á lẹ́rù ń ṣẹlẹ̀. Oògùn tó fẹ́ lò fún un ni ìjà wà lórí rẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá. Ẹ̀yin àgbà tó ti ń tajà ní 1986 rántí SAP. Ìmọ̀ràn tó jọ èyí ni wọ́n gbà wá: kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí ọjà máa darí ara rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ojú wa rí. Ní 2005, nígbà Ààrẹ Ọbásanjọ́, tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ìṣúná, àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, tí Amẹ́ríkà wà lára wọn, gbà láti fagi lé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 nínú nǹkan bíi 30 bílíọ̀nù dọ́là tí a jẹ wọ́n. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 ni a san. A bọ́. Lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Nígbà tí èlé sì ga ní Amẹ́ríkà ní 2022 àti 2023, dọ́là tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa fẹ́ yá tún wọ́n sí i.

Nítorí náà, nígbà tí òṣèlú kan bá dé ọjà wa, tó ń sọ pé ìjọba dà bí ìyá tó ń tajà, ẹ má pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Owó tí ẹ yá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó yá owó ra ọjà lè rí èrè fi san án. Ẹni tó yá owó ra aṣọ ẹbí, gbèsè ló wọ̀ sọ́rùn.

2. Tí ẹ bá ní ẹ máa dín ìnáwó kù, abọ́ ta lẹ máa bù nínú rẹ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa kí a tó dìbò.

3. Ta lẹ máa dín owó orí rẹ̀ kù? Ṣé alátẹ ni, tàbí ilé iṣẹ́ ńlá? Níbo lẹ sì ti máa rí owó dípò rẹ̀?

4. Nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kí lẹ ṣe?

Ní tiwa, a fara mọ́ Ryan pé gbèsè kì í jẹrà, ẹnì kan ló máa san án. A fara mọ́ ọn pé oníṣòwò kéékèèké ló yẹ kí ìjọba tu lára. Ṣùgbọ́n a ò fara mọ́ ọn pé abọ́ àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni kí a ti kọ́kọ́ bù. Owó tí wọ́n san fún ọmọ aláìníbàbá ní Janesville ní 1986 kò sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ó fi kàwé, ó sì di olórí ilé aṣòfin. Owó tí ìjọba fi tọ́ ọmọ opó kì í ṣe ìnákúnàá. Ojú owó ni.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò lè kàwé ní ìsọ̀ yín, kí ẹ sì jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé. Ajé á jókòó tì wá o. Àṣẹ.